Wọ́n Pa Ìyá Rẹ́ Tọmọtọmọ

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Sọ̀fíyá ọmọ mi. Má bá mi tún un ṣe. O ní àwọn tí ẹ jọ jáde ìwé ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́, pé kí n sọ tèmi fún wọn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní, mi ò sì fẹ́ gbé e kú.

Sàlámì lorúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí. Mi ò kàwé. Kéú díẹ̀ ni mo mọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi kò ju ẹyọ kan lọ: mo tọ́jú irin ní sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ àga rọ́bà kan ní Sángo Ọ̀tà. Bí wọ́n ṣe gbà mí, iye tí wọ́n ń san, ìyẹn ò tó ohun tí èèyàn ń jókòó gbọ́. Ó tó jẹun. Ó tán.

Àga rọ́bà tí ẹ ń jókòó lé, irin ni wọ́n fi ń dà á. Wọ́n á yọ́ rọ́bà, wọ́n á tì í sínú irin, á tutù, àga á jáde. Irin yẹn là ń pè ní mọ́ọ̀dù. Èyí tó tóbi nínú rẹ̀, tí èèyàn mẹ́fà ò lè gbé, ìyá là ń pè é. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan tún wà tí a máa ń kì bọnú ìyá níbi tí ẹ̀yìn àga máa wà. Àwọn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ọnà sẹ́yìn àga: òdòdó, ìràwọ̀, orúkọ àwọn tó ni ín. Ọmọ là ń pe ìyẹn. Ìyá kan lè lọ́mọ mẹ́wàá. Bí ìyá bá gbó, a ó yọ àwọn ọmọ, a ó kì wọ́n bọ ìyá mìíràn. Ìyá á kú, àwọn ọmọ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà.

Ọ̀gá Lásísì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Ìwó bíi tèmi, òun náà ò kàwé. Ó gbẹ, ó ga, kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ó ní pátákó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Pátákó yẹn ni ìwé wa. Ó kan ìṣó sí i ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ilé: irin tó bá wà ní sítọ́ọ̀. Ọ̀wọ́ kejì, oko: irin tó bá wà lórí ẹ̀rọ. Ọ̀wọ́ kẹta, ọsibítù: irin tó bá wà fún àtúnṣe lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin. Irin kọ̀ọ̀kan ní páánù kékeré tirẹ̀ tí a fi ìṣó ha àmì rẹ̀ sí lára. Bí irin bá lọ oko, o gbé páánù rẹ̀ lọ oko. Bó bá dé, o gbé e wálé. Irú pátákó yẹn náà ló ṣe fún àwọn dúrọ́ọ̀mù, òun náà ló ṣe fún àwọn ẹ̀rọ. Ilé, oko, ọsibítù. Ibi gbogbo ló ń gbé e lọ.

Odidi oṣù mẹ́fà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin kankan. Bí mo bá ti kí i tán láàárọ̀:

“Sàlámì, oníràwọ̀ dà?”

“Ó wà lóko, Ọ̀gá.”

“O rí i lóko ni àbí o rí i lára pátákó?”

“Lára pátákó, Ọ̀gá.”

“Pátákó ló ń da àga ni? Dìde ńlẹ̀ níbẹ̀.”

Mo máa rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, nínú ooru yẹn, mo máa fojú ara mi rí i kí n tó padà wá dáhùn. Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan ṣẹ́ sí méjì lórí ẹ̀rọ. Mo rò pé mo gbọ́n, mo yọ páánù rẹ̀ kúrò lára pátákó, mo jù ú nù. Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó wo pátákó. Ó ní, “Ẹni tó wà níbí dà?”

Mo ní, “Ó ti kú, Ọ̀gá. Ó ṣẹ́.”

Ó ní, “Bí wọ́n bá wá béèrè rẹ̀ lọ́la, wàá ní wọn ò bí i rí?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú ààtàn iléeṣẹ́ kí n tó rí páánù yẹn. Òórùn yẹn ò kúrò lára mi lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo gbé e dé, Ọ̀gá gbà á, ó nù ún, ó fi í kọ́ sára ìṣó rẹ̀, ó wá yí i pa dà kó kọjú sógiri. Ó ní, “Bí a ṣe ń sin ín nìyí. Ó ti kú, àmọ́ ó wà níbí. A kì í yọ páánù. A máa ń kọjú rẹ̀ sógiri ni.” Kò tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì láyé rẹ̀. Èmi náà ò sì yọ páánù mọ́.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ilẹ̀ tó jẹ́ igbó lánàá, ẹ máa kọjá níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti ro ó, wọ́n ti ta òrùlé tó gùn bí ọjà lé e lórí. Gbogbo wọn ló ń jókòó, gbogbo wọn ló ń wá àga. Lẹ́yìn wọn ni yunifásítì dé. Oníkálukú ló fẹ́ àmì tirẹ̀ lẹ́yìn àga tirẹ̀. Èyí fẹ́ àdàbà, èyí fẹ́ iná, èyí fẹ́ ìwé tó ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ irin wá ń pọ̀. Ṣéènì la fi ń fa ìyá sókè nígbà tí mo dé, ọwọ́ ló ń fà á, èékánná mi méjì bá a lọ. Fọ́kílìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, dé, ó gbà wá lọ́wọ́ ṣéènì. Ìyẹn dáa. Mi ò bá nǹkan tuntun jà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí ó jẹ́ tuntun ni mo ṣe ń bínú.

Nígbà tí Ọ̀gá Lásísì fẹ́ fẹ̀yìn tì, kó padà sí Ìwó, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Sàlámì, mi ò mú ìṣó kan jáde níbí rí. Gbogbo Ìwó tó wà ní Sángo ló mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ẹ. Orúkọ mi ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn o.” Ohun tó bá mi sọ kò jùyẹn lọ. Ó wọ mọ́tò.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí máníjà tuntun tó dé. Yorùbá ni, àmọ́ òyìnbó ló ń sọ lójú èèyàn, àfi bó bá ń bínú. Ó wọ sítọ́ọ̀, ó wo pátákó, ó ní ṣé iléeṣẹ́ rèé àbí ilé ẹlẹ́dìẹ. Òun ló mú Tóbi wá. Tóbi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìyànà Ìyẹsí. Ọmọ tó mọ èèyàn kí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi pẹ̀lú aṣọ funfun nínú gíríìsì.

“Bàbá, gbogbo irin yín máa wà nínú péèjì yìí. Ẹ bá fẹ́ fi tuntun kún un, ẹ tẹ ibí. Ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ tẹ ibí. Ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa yìí.”

Bùkọ́lá, akọ̀wé, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ torí mi ò lè kà á. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá olódòdó. Bùkọ́lá wo inú kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí mi.

“Bàbá, ó ń béèrè ọjọ́ ìrìbọmi.”

“Ìrìbọmi ta ni?”

“Ti ìyá olódòdó.”

“Irin ni wọ́n fẹ́ rì bọmi? Kó lè dípẹtà?”

“Ó tún ń béèrè bóyá ó ti ṣègbéyàwó.”

“Sọ fún un pé ó ti bímọ mọ́kànlá. Kó kí i dáadáa.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tóbi pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ìjọ kan ni mo kọ́kọ́ ṣe é fún. Péèjì kan ṣoṣo ni mo ní, mo kàn ń gbé e káàkiri ni. Mo gbé e dé ilé ìwé, mo gbé e dé ilé oògùn. Mo máa pààrọ̀ orúkọ tó wà lókè, iṣẹ́ ti parí. Mo gbàgbé láti yọ ìyẹn ni. Àmọ́ ó bá tiyín mu gan-an, ìyá àti ọmọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀!”

Mi ò bá a wí. Pátákó Ọ̀gá náà, ọ̀kan ni, a sì ń gbé e káàkiri. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà fún ìyẹn. Mo kàn bi í pé, “Bí irin bá kú ńkọ́? Níbo la máa kọjú rẹ̀ sí?”

“Ẹ yọ ọ́ ni, Bàbá. Á lọ.”

“Á lọ síbo?”

“Á kàn lọ ni, sà.”

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ó yẹ kí n jókòó sílẹ̀, kí n ní ẹnikẹ́ni ò ní tẹ nǹkan kan mọ́ títí dìgbà tó bá sọ ibi tó ń lọ. Ojú ń tì mí lójú àwọn tó gbọ́ òyìnbó. Mo dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Máníjà ní kí wọ́n yọ pátákó kúrò. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, àwọn lébúrà là á, wọ́n fi dáná omi tíì. Àwọn páánù wà nínú eérú. Mo ṣà wọ́n, iná ti jẹ gbogbo àmì ara wọn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìyá olódòdó gbó. Ó ti sán, rọ́bà ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mo fi gíríìsì pa wọ́n, mo tò wọ́n sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ títí ìyá tuntun á fi dé. Mo ní kí Bùkọ́lá yọ ìyá nínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì pupa. Ó ní, “Bàbá, ó ń béèrè bóyá ó dá yín lójú.”

Mo ní, “Ó dá mi lójú. Ìyá ló kú.”

Ó tún un tẹ̀.

Iléyá dé, mo gba ààyè, mo lọ sí Ìwó. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, máníjà ní kí wọ́n gbá sítọ́ọ̀ mọ́. Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, àlòkù ni, kí onísikírápù kó o. Mo dé, mo bá pẹpẹ ìsàlẹ̀ lófìfo. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni yunifásítì kan ní àwọn fẹ́ àga fún ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, pẹ̀lú àmì àwọn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tiwọn wà nínú mọ́kànlá yẹn.

Máníjà pè mí. Ó ní, “Ọmọ mọ́kànlá tí ẹ̀ ń sọ, kọ̀ǹpútà ní kò sí níbẹ̀.”

Mo ní, “Ó wà, sà. Orí pẹpẹ ni mo tò wọ́n sí. Àwọn tó gbá sítọ́ọ̀ ló kó wọn.”

“Ohun tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n kó.”

“Àwọn náà ni wọ́n kó, sà.”

“Ṣé irin yẹn wà àbí kò sí?”

“Ó wà.”

“Tó bá wà, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ta ló wà?”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà ní kò sí, síbẹ̀ mo jí i. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò mọ ibi tí mo ti máa dì í mú. Ẹni tó kàwé ì bá ti dì í mú.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa tò sẹ́nu géètì láàárọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó wọlé. Máníjà jáde. Ó pe orúkọ mi. Ó ní, “Bàbá, olè lẹ̀ ń jà níbí. Ẹ bọ́ aṣọ iléeṣẹ́ sílẹ̀.” Ó pè mí lólè, ó tún ń fi “ẹ” pè mí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó ní “ìwọ olè yìí,” mo máa mọ̀ pé ó ti gbàgbé pé mo dàgbà. Kò gbàgbé. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ọ́. Mo bọ́ aṣọ. Mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn gba Sángo kọjá dé Ìjù, níbi tí mo ń gbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé, dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Ìwó yà sílé mi. Kò jókòó. Ó ní Ọ̀gá Lásísì ti gbọ́. Ó ní Ọ̀gá ní kí òun sọ fún mi pé kí n má pe òun ní ọ̀gá mi mọ́ níbi kankan.

Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ò jẹ mí lógún mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n lè wọlé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkùnrin yẹn, kí n wò ó lójú, kí n ní Ọ̀gá, mi ò mú un. Ìyàwó mi ní kí n kàn lọ bá a, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kọ̀. Kí ni mo máa bẹ̀ ẹ́ fún? Mo ní ọjọ́ tí mo bá mú òótọ́ dání ni mo máa lọ. Mo jókòó. Oṣù ń lọ.

Rísíkátù ọmọ mi, onígbàgbọ́ ló fẹ́, òun náà ń bá wọn lọ sí ìjọ. Mi ò bá a jà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó yà wá kí mi pẹ̀lú ìbínú.

“Bàbá, ẹ ò rí nǹkan! Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní mi ò sí nínú ìjọ mọ́. Èmi tí mo ti ń kọrin níbẹ̀ lọ́dún méje! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tó fà á lónìí ni.”

“Ta ló yọ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó yọ mí. Ọkọ mi, Bàbá Dáre, ni wọ́n yọ nínú kọ̀ǹpútà, torí ó ti ń lọ sí ìjọ ti Igbèsà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ báyìí, èmi àtàwọn ọmọ bá a lọ. Yà! Bí ẹni pé ó dì wá sínú báàgì. Àmọ́ a pariwo, ẹni tó ṣe é ti wá tún un ṣe.”

“Ta ló ṣe é?”

“Bọ̀dá Tóbi kan ní Ìyànà Ìyẹsí.”

Mo dìde. Mo ti dé orí ọ̀kadà kí n tó rí i pé bàtà ẹsẹ̀ mi ò bára mu.

Mo bá Tóbi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní kó dìde.

“Tóbi, wọ́n yọ ọkọ ní ìjọ yẹn, ìyàwó àtọmọ bá a lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó ti dáa báyìí.”

“Ìgbà wo lo tún un ṣe?”

“Ó ti tó oṣù méjì, sà.”

“Tiwa ńkọ́? Ṣebí péèjì kan náà ni.”

Ó fọwọ́ nu ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

“O gbọ́ pé wọ́n lé mi?”

“Mo gbọ́, sà.”

“O mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi?”

“Bàbá, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ ní gbogbo Ọ̀tà.”

Oṣù méjì. Ìjọ pariwo, ó sáré lọ tún tiwọn ṣe. Èmi ò pariwo, ó fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà. Wọ́láì, mo fẹ́ lù ú. Mi ò lù ú. Mo ní, “Gbé ẹ̀rọ ẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, pàdé mi ní géètì.”

Ó wá. Ìyẹn nìkan ni mo lè yìn ín fún. Lójú máníjà, ó kọ ìyá kan sínú péèjì, ó kọ ọmọ méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Yọ ìyá.” Ó tẹ bọ́tìnnì pupa. Ibẹ̀ mọ́ féfé. Ìyá lọ, àwọn ọmọ bá a lọ. Bùkọ́lá bú sẹ́kún, ó ní òun lòun tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni mo ní ó dá mi lójú.”

Máníjà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Àṣìṣe ni. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Mo ní, “Níbí kọ́ lẹ ti pè mí lólè.”

A jáde lọ sẹ́nu géètì. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́. Máníjà sọ ọ̀rọ̀ kan lóyìnbó. Mo ní, “Mi ò gbọ́.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó tún un sọ, ó kígbe díẹ̀. Mo ní, “Òyìnbó kọ́ lẹ fi bú mi.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wá sọ ọ́ pé, “Bàbá Sàlámì kì í ṣe olè. Àwa la kó irin náà dànù.”

Mo gbọ́ ìyẹn. Mo sọ fún Tóbi níbẹ̀ pé kó lọ gbogbo ibi tó gbé péèjì yẹn dé, ilé ìwé, ilé oògùn, kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe: bí nǹkan bá kú, kó kọjú rẹ̀ sógiri, kó má pa á rẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀, ó dáa kéèyàn ní ohun kan tó lè gbé dé ibi gbogbo. Mi ò bá yín jà sí ìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ jókòó tì wọ́n fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìyá. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe yín níbì kan, ẹ má dúró kí àwọn ibi tó kù pariwo kí ẹ tó lọ. Ẹlòmíràn kì í lè pariwo.

Mi ò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ibùdókọ̀ ni mo gbà lọ, mo wọ mọ́tò Ìwó.

Wọ́n ti sin Ọ̀gá Lásísì. Ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ ni mo débẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí mi. Ta ló máa ránṣẹ́ sí olè?

Ìyàwó rẹ̀ ló jáde sí mi. Kò ní kí n wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà dúró nínú oòrùn.

Mo ní, “Ìyá, mi ò mú un. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn láàárọ̀ yìí.”

Ó ní, “Láàárọ̀ yìí.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó ní, “Kó tó kú, ó ní bí o bá wá sílé yìí, kí n má fún ọ lómi mu. Ó mú mi búra.”

Mo ní mo gbọ́. Mo yí padà, mo fẹ́ máa lọ. Ó ní kí n dúró. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé ife omi kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa, ó sì jọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Mi ò fún ọ o. Mo gbé e kalẹ̀ ni.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e, mo mu ún.